Ọ̀já-Ìtẹ́jú Gba Eré Lọ́wọ́ Akínṣọlá

Ní ọdún kejì tí wọ́n kó ọ̀já-ìtẹ́jú wọ ilé iṣẹ́ ìtukọ̀ ojú sánmà tó wà lórí òkè Ìdànrè, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ṣìnà. Kí ọ̀já náà tó dé, ó kéré tán, ọkọ̀ mẹ́rin ló máa ń sọnù lọ́dọọdún. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Oorun ló máa ń gbé atukọ̀ lọ lórí àga. Àwọn atukọ̀ ayé ìgbà náà kì í wọ ọkọ̀. Inú ọ́fíìsì ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń tẹjú mọ́ gíláàsì tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń fi ìka darí ọkọ̀ tó ń kó omi, oúnjẹ àti irin lọ sí òṣùpá. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ ni. Nínú wákàtí mẹ́jọ náà, ohun tó yẹ ní wíwò lè má ju ìgbà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbójú kúrò nígbà tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dé ti sọ ọkọ̀ nù.

Ìdí nìyẹn tí Ọ̀mọ̀wé Oyèbọ́lá fi ṣe ọ̀já náà. Ó rí pẹlẹbẹ, kò nípọn ju ìgbànú lọ, orí ni wọ́n sì ń dè é mọ́. Bí ènìyàn bá ti dè é, wíwo gíláàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn. Òǹkà tó ń yí lójú gíláàsì á máa wù ú bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe ń wu ọmọdé. Aago mẹ́rin tí iṣẹ́ ń parí á lù, àwọn atukọ̀ á máa bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kí àwọn jókòó díẹ̀ sí i.

Akínṣọlá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dè é. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, kò tíì gbéyàwó, yàrá méjì ló gbà nílé Alàgbà Akíndémówó, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn atukọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Morádéùn àbúrò rẹ̀ nìkan ni ẹbí tó kù fún un, orí òṣùpá ni ìyẹn sì ń gbé, níbi tó ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń pèsè afẹ́fẹ́ fún ẹgbẹ̀rin ènìyàn.

Ọmọ ọdún méje ni Morádéùn nígbà tí ìyá wọn kú. Kò sunkún, kò sì sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Akínṣọlá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, ló bá ṣí géèmù kan fún un lórí kọ̀ǹpútà. Ìlú ni wọ́n ń kọ́ nínú géèmù náà, létí odò kan. Ìdí rẹ̀ ni Morádéùn ti kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní ibi tí ẹ̀gbọ́n òun kọ́ afárá sí kò dára, pé omi á gbé e. Omi sì gbé e lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, fún ọdún méjìdínlógún, wọn ò yé kọ́ ìlú yẹn.

Nígbà tí Morádéùn lọ sí òṣùpá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Ohùn máa ń pẹ́ lọ́nà kó tó dé òṣùpá. Bí o bá sọ̀rọ̀, wàá ka ení, èjì, ẹ̀ta kí èsì tó bọ̀, ìyẹn sì máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ láàárín ènìyàn méjì. Géèmù ní tirẹ̀ ò bìkítà. Bó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì á ti wà létí odò, Morádéùn á máa kọ́ ilé, Akínṣọlá á máa kọ́ afárá. Bí inú ọ̀kan ò bá dùn, èkejì á mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń to bíríkì.

Oṣù kẹwàá tí Akínṣọlá ti ń de ọ̀já ni nǹkan yí padà. Ó dé láti ibi iṣẹ́, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ṣí géèmù. Odò ń ṣàn. Àbúrò rẹ̀ ti dé, ó ń mọ ògiri ilé ẹ̀kọ́ kan. Akínṣọlá gbé ìka lé bọ́tìnnì, ìka ò lọ. Kò rẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ sì le. Kò kàn wù ú ni. Ó dìde, ó ṣí fíríìjì, ó pa á dé. Ó fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó padà wá jókòó, ó tún dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó ń wo àwọn abọ́ irin ńláńlá tó ń gba ìró ojú sánmà lórí òkè, ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí àga ọ́fíìsì. Ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí Morádéùn pé ó rẹ òun.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, títí ojú fi tì í. Ló bá wá arọ́pò. Arọ́pò ni wọ́n ń pe ètò kọ̀ǹpútà tó máa ń kọ́ ìṣe ènìyàn títí yóò fi lè ṣeré dípò rẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò ni wọ́n ṣe é fún. Akínṣọlá jẹ́ kó wo gbogbo afárá tí òun ti kọ́ fún ọdún méjìdínlógún, arọ́pò sì mọ̀ ọ́n kọ́ láàárín ọjọ́ kan. Láti ìgbà náà, bí aago márùn-ún bá ti lù, arọ́pò á máa ṣiṣẹ́ létí odò, Akínṣọlá á máa rìn láti yàrá dé yàrá. Á tan rédíò, á pa á. Á dùbúlẹ̀, á dìde.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Alàgbà Akíndémówó bá a nínú ọgbà. Ìgbà kẹta nìyẹn tí yóò jáde síta tí yóò tún padà wọlé. Alàgbà béèrè bóyá nǹkan rẹ̀ sọnù, ó ní rárá. Bàbá ní òun ti ń ṣàkíyèsí àwọn tó ń gbé inú ilé òun. Atukọ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n, gbogbo Sátidé ni wọ́n sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé tẹ́lẹ̀ títí wọn á fi fọ́ fèrèsé òun. Láti bí ọdún kan, fèrèsé kan ò fọ́. Òun kọ́kọ́ dúpẹ́, ó ti wá di ohun tó ń ba òun lẹ́rù báyìí.

"Akínṣọlá, kí lo máa ń ṣe tí ẹnikẹ́ni ò rán ọ?"

"Èmi àti àbúrò mi jọ máa ń ṣe géèmù, bàbá."

"Ìgbà wo lẹ ṣe é kẹ́yìn?"

Akínṣọlá wọlé, ó pinnu pé òun á lé arọ́pò kúrò, òun á fọwọ́ ara òun ṣeré, ìbáà wu òun, ìbáà má wu òun. Ó kọ́kọ́ jókòó kó wo ibi tí iṣẹ́ dé. Ibẹ̀ ló ti rí i pé arọ́pò òun ti ri òpó afárá kan sí àárín ọ̀nà Morádéùn. Morádéùn tó mọ̀, ńṣe ni ìbá wó òpó náà, kó sì bú u. Èyí kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bíríkì kan, ìsinmi díẹ̀, bíríkì mìíràn, ìsinmi tó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Akínṣọlá kí i, kò dáhùn. Ó ṣí àkọsílẹ̀ eré náà sẹ́yìn, bó ṣe rí nìyẹn fún oṣù márùn-ún. Láàárín oṣù márùn-ún náà ìlú wọn ti fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ó lẹ́wà, kò sì sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀.

Ó pè é lórí fóònù.

"Morádéùn, ta ló ń kọ́ ilé yẹn?"

Ó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ó kà á kọjá ẹ̀wá.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Nígbà tí Akínṣọlá sọ ti arọ́pò tirẹ̀, Morádéùn wá jẹ́wọ́ pé wọ́n ti kó ọ̀já-ìtẹ́jú wá fún àwọn náà lórí òṣùpá, pé arọ́pò tòun tilẹ̀ fi oṣù kan ṣáájú tirẹ̀. Òun ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun dé etí odò kó má bá ẹnì kankan níbẹ̀.

Akínṣọlá sọ ọ́ fún Alàgbà, Alàgbà sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé iṣẹ́. Inú gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n pe ìpàdé sí, gbogbo atukọ̀ jókòó, Ọ̀mọ̀wé Oyèbọ́lá dúró níwájú wọn. Obìnrin tí kì í parọ́ ni. Ó ṣàlàyé pé ìfẹ́-inú ń sun nínú orí ènìyàn bí omi ṣe ń sun nínú kànga, àti pé ọ̀já kò gbẹ́ kànga tuntun. Omi tó wà níbẹ̀ ló ń darí sí ibi iṣẹ́. Bó bá pẹ́, omi ò ní mọ ojú ọ̀nà mìíràn mọ́.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?" Alàgbà ló béèrè.

"Ọdún tó kọjá."

"Ẹ ò sì sọ fún wọn."

Ọ̀mọ̀wé ní òun ka ẹ̀mí àwọn tó wà lórí òṣùpá sí. Ó ní kò sí ọkọ̀ tó sọnù mọ́, kò sí ibi tí oúnjẹ ti pẹ́ dé. Ó wá yíjú sí àgbàlagbà náà.

"Ẹ̀yin náà tukọ̀ rí, Alàgbà. Mélòó ló bọ́ lọ́wọ́ yín?"

"Méjì," ni bàbá wí. "Ènìyàn wà nínú ọ̀kan. Mo ṣì mọ orúkọ wọn dòní. Mo sunkún wọn délé, ọmọ mi sì gun ẹ̀yìn mi, a sì ṣeré. Ká ní kò sí eré yẹn ni, mi ò ní lè padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì."

Akínṣọlá dìde, ó bi Ọ̀mọ̀wé bóyá ìfẹ́ eré á padà bí òun bá bọ́ ọ̀já kúrò. Ọ̀mọ̀wé ní nínú àwọn tí òun fi dán ọ̀já wò kó tó dé ilé iṣẹ́, ẹni méjìlélọ́gọ́ta ló ti bọ́ ọ. Ẹni mẹ́rin péré ni ìfẹ́ eré ti padà bá, ẹni tó yá jù sì lo oṣù mẹ́rìnlá.

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"A ṣì ń dúró."

Wọ́n fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná síbẹ̀ pé ẹni tó bá wù lè bọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tukọ̀ mọ́, ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n á gbé e lọ. Ẹni méje péré ló bọ́ ọ. Akínṣọlá wà lára wọn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le fún un. Iṣẹ́ ò dùn, ilé ò dùn, ọwọ́ rẹ̀ ò balẹ̀ lórí ohunkóhun. Síbẹ̀, ó pe Morádéùn, ó ní kó bọ́ tirẹ̀ náà, kí àwọn jọ máa dúró.

Ení, èjì, ẹ̀ta.

"Mi ò ní bọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún un rí. Kí ọ̀já tó dé òṣùpá, ẹnì kan tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ gbójú kúrò lára gíláàsì fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kó lè lọ po tíì. Afẹ́fẹ́ tán nínú yàrá kan. Ènìyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, méjì nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Òun ni wọ́n rán lọ ṣí ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tí ọ̀já ti dé, kò sí ilẹ̀kùn tí òun tún ṣí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n òun bá ní kí òun gbé e lé ìwọ̀n, eré kò lè wúwo tó ọmọ méjì.

Akínṣọlá kò tún ní kó bọ́ ọ mọ́. Ó béèrè bí iṣẹ́ ṣe lọ lónìí. Ohùn Morádéùn yí padà lójú ẹsẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ yàrá kẹrìnlá fẹ́ lọ sílẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ báyìí, ẹlòmíràn ò ní rí i, ṣùgbọ́n òun rí i. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń ka òǹkà ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, kò dúró gba èsì, ọ̀nà tó jìn láàárín wọn kò sì dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Odindi wákàtí kan ló fi sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gbọ́ kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Akínṣọlá gbé fóònù sétí, ọwọ́ rẹ̀ kejì ń lù lórí itan. Kò mọ ohun kan nípa yàrá kẹrìnlá, kò sì wù ú láti mọ̀. Nígbà tí Morádéùn mí kanlẹ̀, ó bi í pé yàrá kẹẹ̀ẹ́dógún wá ńkọ́.