Idà Tí Wọ́n Tà fún Màmá Oldroyd

Bàbá Norman Sugden to idà ẹnu ìbọn mẹ́ta sórí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ní Halifax, ó sì na awò tí í sọ nǹkan di ńlá sí Sájẹ́ńtì ọlọ́pàá Maureen Tunnicliffe.

"Wo nọ́ńbà orí èkù wọn. Wo òǹkà 4 yẹn dáadáa."

Maureen bẹ̀rẹ̀ wò ó. Òjò ọjọ́ mẹ́ta ti mú orúnkún rẹ̀ máa ro ó. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní idà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òǹkà 4 yẹn kán níbì kan náà lára gbogbo wọn.

"Irin kan náà ló tẹ̀ wọ́n, Bàbá."

"O káre. Ogójì ọdún ni mo ti ń kó irú wọn jọ. Idà kò purọ́, ojúlówó ni. Nọ́ńbà ló purọ́. Kò tíì ju ọdún kan lọ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n wá fi ọtí kíkan sọ ọ́ di ògbólógbòó."

Ẹni tó tà wọ́n ń pe ara rẹ̀ ní Méjọ̀ Pickersgill. Yóò ka orúkọ lára òkúta ìrántí àwọn tó kú sójú ogun, yóò wá ọmọ wọn rí, yóò kanlẹ̀kùn: "Idà bàbá yín rèé." Ta ni yóò kọ̀ ọ́? Ìdílé mọ́kànlá ló ti kó sí i lọ́wọ́. Màmá Winifred Oldroyd jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí bàbá rẹ̀ bógun lọ ní 1916. Ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, ó ta dùrù tó ń tẹ̀ láti fi ra idà yẹn. Pickersgill tún fi ìtàn lé e: ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni bàbá rẹ̀ fi ń jẹ̀rora nínú ẹrọ̀fọ̀, idà náà lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó kú. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti kọ màmá sílẹ̀.

Ní ọjà àwọn olùkó-ohun-ogun-jọ ní Harrogate, Maureen rí i lẹ́yìn tábìlì kan. Ọkùnrin náà rí òun náà. "Ẹ bá mi wo ọjà, ẹ jẹ́ n mu tíì," ló sọ fún aládùúgbò rẹ̀, ó gba ilé ìdáná gbọ̀ngàn náà jáde. Kí Maureen tó yí ilé náà ká, ọkọ̀ ti lọ. Ó tọpa rẹ̀ dé ilé àlejò kan ní Scarborough: ife tíì ṣì gbóná, ẹni tó mu ún ti fò lójú fèrèsé. Ìwé owó ilé kan tó háyà ní Keighley nìkan ló já bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ méjì ni Maureen fi jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé náà, tó ń jẹ páì ẹlẹ́dẹ̀ tútù. Lọ́jọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, Pickersgill gbé báàgì dé.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń fọ́nnu.

"Lọ́yà mi máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, ìyá yìí."

"Kò burú. Kí ni mo bá nínú báàgì ẹ?"

"Irin iṣẹ́."

Maureen fa èyí tó ń tẹ òǹkà 4 yọ láàárín àwọn irin ìtẹ̀-nọ́ńbà náà, ó gbé e lé abala òjé kan, ó fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ó ti òjé náà sí i. Òǹkà 4 ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Pickersgill wò ó títí. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

"Ìgbà wo lo ṣiṣẹ́ ológun?" Maureen bi í.

"N ò ṣe é rí. Kọ́kọ́rọ́ ni mò ń gé tẹ́lẹ̀."

"Ọjọ́ mẹ́ta inú ẹrọ̀fọ̀ yẹn, ta ló sọ ọ́ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni kankan. Mo hùmọ̀ ẹ̀ ni. Tí ìtàn ò bá pani lẹ́kún, idà kì í tà."

Maureen kò bínú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú. Ó ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí ilé Màmá Oldroyd. Màmá gbé omi tíì kaná, ó jókòó, ó di ọwọ́ àga mú.

"Ṣé ti bàbá mi kọ́ ni, ọmọ mi?"

"Tiwọn kọ́, Màmá."

"Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ńkọ́?"

"Irọ́ ni. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi jẹ́wọ́. Bí bàbá yín ṣe kú gan-an, òun ò mọ̀ ọ́n, èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Màmá sunkún díẹ̀, láìpariwo. "Bá mi gbé nǹkan yẹn kúrò nílé mi," ló wí.

Maureen wọlé lọ gbé idà náà, ó dì í sínú aṣọ ìnura. Nígbà tó padà, omi ti ń hó, orí màmá ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń hanrun. Maureen pa iná, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀.