Ahọ́n Tí Mo Yá Lò

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò. Ọ̀fẹ́ ni."

Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi láyé nìyẹn. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, ó dúró nídìí tábìlì kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà súpámákẹ́ẹ̀tì, ó so épúrọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé mọ́rùn, ó sì gbé àwo pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́. Wọ́n ti gé bisikíìtì sí wẹ́wẹ́ sínú àwo náà. Inú ti ń bí mi kí n tó kúrò nílé lọ́jọ́ yẹn. Mo mú ẹyọ kan, mo jù ú sẹ́nu, mo rún un, mo gbé e mì.

"Báwo ló rí?" ó bi mí.

"Ó dùn," mo dáhùn, mo sì fẹ́ máa bá tèmi lọ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dùn kẹ̀? Àǹtí, ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ó kan gan-an ni! Gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ láàárọ̀ yìí ló fún ojú pọ̀. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ ṣẹ́jú."

Ńṣe ni omi lé ròrò sí mi lójú. Ẹ má bá mi wí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé kí n máa tọ́ oúnjẹ súpámákẹ́ẹ̀tì wò nínú fídíò, kí n sì sọ fún àwọn èèyàn bóyá kí wọ́n rà á tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ọ̀fìnkìn burúkú kan wá mú mi, ó lọ tán, ó sì mú ìtọ́wò mi dání lọ. Iyọ̀ ò yàtọ̀ sí ṣúgà lẹ́nu mi mọ́. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ìyá mi.

Bí mo ṣe ro gbogbo ẹjọ́ fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn èèyàn ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà kọjá lára wa.

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé àwo sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín tọ́ ọ wò nígbà náà," ó ní. "Ṣebí jíjẹ nǹkan nídùúró náà ni iṣẹ́ tèmi."

Ó mú bisikíìtì ẹlẹ́pà kan láti fi hàn mí bí òun á ṣe máa ṣe é. Ó dijú. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń ṣàlàyé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó nílẹ̀, tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ń jó. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ fà sí i, kí n má parọ́.

Mo sọ òótọ́ fún àwọn òǹwòran mi nínú fídíò tó tẹ̀ lé e. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi ò mọ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n mo ti lọ yá ti ẹlòmíì." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n káàánú mi, wọ́n sì fún un lórúkọ lójú ẹsẹ̀: Ahọ́n. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é ní orúkọ mìíràn mọ́, títí kan ìyá mi.

Bí a ṣe pín iṣẹ́ ni pé èmi ni mò ń sọ bí nǹkan ṣe rí lọ́wọ́ àti léyín, bóyá ó ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu tàbí ó ń fọ́ kẹ́kẹ́. Màá wá yíjú sí i, màá ní, "Ahọ́n, báwo ló rí?" Òun á dijú, á sì sọ ọ́. Ó ní wàrà kan dà bí ìgbà tí èèyàn bá lá ẹ̀yìn sítáǹbù. Ó sọ nípa kéèkì kan pé, "Ṣúgà nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbí, àwọn yòókù jókòó, wọ́n ń gbọ́." Mo máa ń rẹ́rìn-ín débi pé fóònù tí mo gbé kalẹ̀ á máa mì.

Tí iṣẹ́ bá parí, kì í lọ. Yóò jókòó sí kíṣìnnì ìyá mi, yóò sì máa tọ́ oúnjẹ wa wò fún mi. "Màmá ti ṣahun iyọ̀ lónìí," á sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí mi létí. Tàbí, "Oyin mi, tòmátì inú ọbẹ̀ yìí pọ́n dáadáa, ó dùn, ó wá kan díẹ̀ ní ìparí." Mo ti ń jẹ ọbẹ̀ ìyá mi láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹnu Ahọ́n ni mo ti wá mọ bó ṣe dùn tó.

"Tí tìrẹ ò bá padà wá mọ́ ńkọ́?" ó bi mí lọ́jọ́ kan.

"Mi ò mọ̀," mo ní. Ẹ̀rù yẹn ń bà mí lójoojúmọ́.

"Tèmi wà. Gba tèmi. Mi ò ní gbà á padà."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń rẹ̀ mí.

Bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ pé a fẹ́ fẹ́ ara wa. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bánkì, ó sì ṣì máa ń wọ táì lọ ra búrẹ́dì. "Ọkùnrin tó ń gé bisikíìtì fún àwọn tó ń kọjá lọ?" ó ní. "Ìyẹn lo fẹ́ mú wá fún mi gẹ́gẹ́ bí àna?"

"Ọmọ náà ń jẹun tọkàntọkàn," ìyá mi sọ.

"Jíjẹun kì í ṣe iṣẹ́! Kó lọ wá ipò. Ọjọ́ tó bá di ọ̀gá níbẹ̀, kó padà wá bá mi."

Ahọ́n wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, mo ní kó má dá bàbá mi lóhùn. Ó kàn di ọwọ́ mi mú pẹ́.

Àárín ìgbà yẹn ni súpámákẹ́ẹ̀tì náà gbé ìpápánu oní-purotéènì tirẹ̀ jáde, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá máa ń jẹ kí iṣan wọn lè le. Bébà rẹ̀ dúdú, lẹ́tà ara rẹ̀ ń dán bíi góòlù. Wọ́n tò ó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n tò ó sí ibi ìsanwó. Àwọn òǹwòran mi ò jẹ́ n sinmi: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́ ọ wò, ẹ bá wa tọ́ ọ wò.

A jókòó sídìí tábìlì nínú yàrá mi lọ́sàn-án. Ahọ́n wọ bàtà tuntun. Mo tú bébà náà, mo ní ó wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe tóbi lọ. Mo gé e jẹ, mo ní ó gan, ó ń lẹ̀ mọ́ eyín, kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ gbé omi sítòsí. Mo wá yíjú sí olólùfẹ́ mi.

"Ahọ́n, báwo ló rí?"

Ó gé e jẹ. Kò dijú. "Ó dùn," ó ní, kó tiẹ̀ tó gbé e mì. "Bí ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, ṣokoléètì wá ń tẹ̀ lé e. Ẹ lọ rà á."

Èmi ni mo máa ń sọ pé "ẹ lọ rà á." Mo wo abẹ́ tábìlì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún dúró jẹ́ẹ́ nílẹ̀. Mo ní bàtà tuntun ló ń fún un. Mo yíjú sí fóònù, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu Ahọ́n o. Ẹ lọ rà á."

Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ súpámákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n bọ́ épúrọ́ọ̀nù lọ́rùn rẹ̀, wọ́n fún un ní táì àti káàdì tí wọ́n ń kọ́ sáyà. Bàbá mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó tún táì náà ṣe fún un, ó sì ní ká lọ máa wá ọjọ́ ìgbéyàwó. Inú mi dùn débi tí mi ò fi ka ohun tí àwọn òǹwòran ń kọ sábẹ́ fídíò wa mọ́. Ìgbà wo ni mo ráyè, èmi tí mò ń yan aṣọ?

Ìyá mi náà lọ ra ìpápánu náà, nítorí pé ọmọ òun ló polówó rẹ̀. Mo ń ká aṣọ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tó pè mí ní kíṣìnnì.

"Ọmọ mi, àìsàn rẹ ti ràn mí."

"Àìsàn wo, Màmá?"

"Ẹnu mi. Ẹnu tèmi náà ti lọ." Ó na ìpápánu tó ti gé jẹ sí mi. "Ẹ ní ó dùn bí ẹ̀pà. Mo jẹ ẹ́, ó ń korò bí oògùn ẹ̀fọ́rí. Mo tún jẹ òmíràn, bákan náà ni."

Mo gbé iyọ̀ fún un. Ó fi ìka tọ́ ọ, ó yọ ahọ́n síta. "Iyọ̀ rèé." Mo gbé ṣúgà. "Ṣúgà." Mo bó ọsàn. Ó mọ̀ ọ́n, ó tilẹ̀ ní kò tíì pọ́n tó. Ó padà sórí ìpápánu náà, ó gé e jẹ, ó sáré lọ tutọ́ síbi ìfọwọ́.

A wo ara wa. Ìyá mi ló kọ́kọ́ mójú kúrò.

"Bóyá èyí tí èmi rà ló bàjẹ́," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo mú fóònù mi. "Ahọ́n, ṣé ara yá?" ẹnì kan kọ ọ́. "Mo fún ajá mi jẹ, ajá mi wò mí." "Àǹtí, ẹ dá ahọ́n yẹn padà síbi tí ẹ ti yá a." Wọ́n pọ̀ lọ jàra. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì. Kò sí ibi tí kò dùn mí lára mi.

Ní ọjọ́ Àìkú, Ahọ́n wá kí àwọn òbí mi. Ó jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú táì rẹ̀, òun àti bàbá mi ń sọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Mo gbé ìpápánu kan sínú àwo, mo gbé e síwájú rẹ̀.

"Jẹ ẹ́."

"Oyin mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni."

"Jẹ ẹ́, Ahọ́n."

Ó jẹ ẹ́. Gbogbo wa ń wò ó. Bó ṣe ń rún un ni ojú rẹ̀ ń wálẹ̀.

"Báwo ló rí?" mo bi í.

"Ó korò," ó ní.

Ìyá mi mí kanlẹ̀. Àlàyé wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu Ahọ́n. Ó ní máníjà ló pe òun sí ọ́fíìsì, tó ní tí fídíò wa bá lè gbé ìpápánu àwọn lárugẹ, ipò náà ti di tòun. Ó ní, "Bàbá ló ní kí n wá ipò. Nítorí tiwa ni. Nítorí kí n lè fẹ́ ẹ. Ẹyọ irọ́ kan péré ni, mo fi Ọlọ́run búra."

"Tó o bá parọ́ fún mi nípa ibi tó o lọ, mo ní ojú, màá wádìí rẹ̀," mo ní. "Tó o bá parọ́ nípa ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀, mo ní etí. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi wádìí èyí? Ibi kan ṣoṣo tí mi ò ti ní nǹkan kan lára mi, ibẹ̀ lo ti jà mí lólè. Ìwọ nìkan kọ́ lo sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ rà á, Ahọ́n. Èmi náà sọ ọ́. Ìyá mi tìtorí ẹ̀ rò pé òun ń ṣàìsàn."

"Ẹ gbọ́ ná," bàbá mi ní, "nítorí ìpápánu? Ìgbéyàwó lẹ fẹ́ tú ká nítorí ìpápánu? Ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Bàbá, kì í ṣe ìpápánu."

"Kí wá ni?"

Mo gbé àwo ìpápánu náà kúrò níwájú Ahọ́n.

Ahọ́n dìde. Ní ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹsẹ̀ rẹ," mo ní. "Tí nǹkan bá dùn mọ́ ẹ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ máa ń jó. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Lọ́jọ́ tí a ṣe fídíò yẹn, kò jó. Mo rí i. Èmi ni mo ní bàtà ló ń fún ẹ."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ó sì jáde lọ.

Mo dá ṣe fídíò kan, mo sọ òótọ́ fún àwọn òǹwòran mi, mo bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà mi ò ṣe fídíò mọ́. Bàbá mi bá mi bínú fún ìgbà pípẹ́. Ìyá mi ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi, láìjẹ́ pé mo bi í, bí iyọ̀ ọbẹ̀ ṣe rí.

Oṣù ń gorí oṣù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń mu tíì, ó sì dùn. Mo gbé ife sílẹ̀. Mo tún gbé e. Ó dùn! Mo pariwo, kò sẹ́nì kankan nílé. Mo sáré lọ sí yàrá, mo tú dúrọ́ọ̀ mi títí mo fi rí ìpápánu bébà dúdú kan tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi mọ̀ ọ́n. Mo gé e jẹ, mo dijú. Oògùn ẹ̀fọ́rí ni, gẹ́lẹ́ bí ìyá mi ṣe wí. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sunkún, ayọ̀ àti ìbànújẹ́ dà pọ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ fẹ́ pè nínú gbogbo ayé ni Ahọ́n. Mi ò pè é.

Ọṣẹ ni mo lọ rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ náà. Ọmọbìnrin kan ló wà nídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà báyìí, tòun ti épúrọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé. "Àǹtí, ẹ tọ́ ọ wò." Mo mú ẹyọ kan. Ọsàn wẹ́wẹ́. Ojú mi fún pọ̀, mi ò lè mú un mọ́ra.

Nígbà tí mo lajú, Ahọ́n dúró níwájú mi, káàdì rẹ̀ láyà. Ó ti rù. Ó ti rí i látòkèèrè bí ojú mi ṣe fún pọ̀.

"Ó ti padà," ó ní.

"Ó ti padà."

Ó rẹ́rìn-ín, tọkàntọkàn, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín ní kíṣìnnì wa, ọkàn mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Kí lo kọ́kọ́ jẹ?"

"Ìpápánu yín."

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan táì rẹ̀. Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí mo ti máa ń bi í látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Báwo ló rí?"

"Ó dùn," mo ní. "Bí ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan."

Kò wo ojú mi. Ó tẹrí ba, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wò ó pẹ́. Ẹsẹ̀ mi dúró jẹ́ẹ́ nílẹ̀. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ ọjà mi, mo lọ mú ọṣẹ.