Ilẹ̀kùn Sítóò Nola

Ẹlẹ́wọ̀n tuntun ni Nola Caudill pe Lowell Gentry lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fojú kàn án. Ẹ má bá a wí. Ẹ̀yìnkùlé ni ọkùnrin náà gbà wọlé, ó di fìlà mú láyà, ojú rẹ̀ sì rí bíi ti ẹni tí adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta.

"Jókòó síbẹ̀ yẹn," ni Nola wí, ó fi ṣíbí ìrọbẹ̀ nawọ́ sí bẹ́ńṣì àwa ẹlẹ́wọ̀n. "Jẹun ná. Ẹkún ò níí sá lọ, oúnjẹ ló máa tutù."

Ó jókòó. Èmi ni mo sún fún un. Ó jẹ ẹ̀wà abọ́ kan, ó fi búrẹ́dì àgbàdo nu abọ́ náà mọ́ tónítóní, ó wá ní, "Ẹ ṣeun, mà. Gentry lorúkọ mi. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló rán mi láti Frankfort kí n wá yẹ ìwé owó ọgbà ẹ̀wọ̀n yìí wò."

Gbogbo bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Ojú Nola pọ́n dé etí.

"Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ?"

"Ẹ ní kí n jẹun ná."

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, Estill Napier ni mí. Ọtí ni mo pọn lẹ́yìn òkè tí ìjọba ò fọwọ́ sí, ìyẹn ló sì gbé mi dé ẹ̀wọ̀n ìjọba ìbílẹ̀ Hensley lọ́dún 1974. Nígbà tí wọ́n rí i pé n kò níbi tí mo fẹ́ sá lọ, wọ́n ní kí n máa fọ ìkòkò ní ilé ìdáná, kí n sì máa sọdá títì lọ ko èédú sí iná tó ń mú ilé ẹjọ́ móoru.

Burl Caudill ni ọ̀gá wọ́dà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni àwọn ará ìbílẹ̀ ti dìbò yàn án. Ilé tó ń gbé àti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ògiri kan náà ni. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé bọ́ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ló ń dáná fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà kú, Nola ọmọ wọn gba ṣíbí. Ó ti di ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n báyìí, àwọn ẹlẹ́nu jíjá sì ti ń pè é ní ìyàwó ẹ̀wọ̀n.

Orí tábìlì ilé ìdáná ni Lowell tẹ́ ìwé rẹ̀ sí, nítorí òrùlé ọ́fíìsì ń jò. Pẹ́ńsù ìkọ̀wé aláwọ̀ ewé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ohun tó bá yẹ̀ wò tó pé, á máàkì í. Ohun tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí, àní bí bíṣọ́ọ̀bù ló sọ ọ́, kò ní máàkì í.

Lọ́jọ́ kẹta, Nola gbé kéèkì ápù síwájú rẹ̀. "Báwo ló ṣe rí?"

Ó jẹ ẹ́, ó ronú. "Mi ò tíì lè sọ. Ó yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì."

Nola rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́fà ni mo ti wà lẹ́wọ̀n náà, n kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí. Láti ìgbà náà, Lowell bẹ̀rẹ̀ sí í nu abọ́ bí mo bá ti ń fọ̀ ọ́.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin," mo ní, "iṣẹ́ mi lo fẹ́ gbà yẹn. Lọ jalè tìrẹ kí wọ́n fún ọ ní tìrẹ."

Kì í ṣe gbogbo ilé ni inú rẹ̀ dùn. Zella, àbúrò Burl tó jẹ́ obìnrin, wọlé lọ́jọ́ Sunday, ó wo àwọn méjèèjì, ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ Frankfort! Ẹni tó wá ka ṣíbí inú ilé wa, ṣé òun náà la fẹ́ fọmọ fún?"

"Zella, jẹ́ kí ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́."

Lọ́sẹ̀ kẹta, nínú oṣù kọkànlá, pẹ́ńsù náà dúró. Ara fu mí. Lowell pe Burl jókòó, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọ̀gá, nínú owó oúnjẹ tí ìbílẹ̀ ń fún yín láti January, ẹgbẹ̀ta dọ́là ó lé méjìlá ni ẹ ò ná ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Òfin tuntun ní kí ẹ dá ohun tó bá ṣẹ́kù padà. Níbo ló wà, sà?"

Burl họ orí. "Láyé àtijọ́, ohun tó bá ṣẹ́kù, ti ọ̀gá wọ́dà ni. Mi ò fi ra nǹkan kan fún ara mi rí. Èédú ni mo fi ń rà fún ilé àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó wà lọ́dọ̀ mi. Bàbá ló ṣẹ̀, ọmọ ò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ kú sí òtútù."

"Ìwé tó fi hàn ńkọ́?"

"Ìwé wo? Ta ló ń gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ tí òtútù ń pa?"

N kò lè gbójú sókè. Ìyá mi arúgbó wà lára àwọn tó yáná èédú náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Nola dúró níwájú Lowell, ó ká apá rẹ̀ láyà. Wọ́n gbàgbé pé mo wà nídìí ìkòkò.

"Tí o bá kọ ọ́, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Wọ́n á lé wa jáde. Inú ilé yìí ni ìyá mi kú sí, Lowell."

"Mo mọ̀."

"O lè fò ó."

"Mo lè fò ó." "Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ tí mo bá sọ fún ọ pé oúnjẹ rẹ dùn, wàá máa rò ó bóyá irọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí o rò ó láéláé."

"Jáde nínú ilé ìdáná mi."

Ó jáde. Ó gbàgbé pẹ́ńsù rẹ̀ sórí tábìlì. Nola wò ó títí, ó mú un, ó fi gún irun rẹ̀ lẹ́yìn etí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Ọjọ́ kejì ni ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ń jókòó. Nola bá bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, ó ní kí n tọ́jú ẹ̀wà ọ̀sán. Mo wọ sítóò lọ mú ìgò ẹ̀wà mẹ́rin. Bí mo ṣe ṣí wọn tán, mo mú ẹfun, mo fa ìlà mẹ́rin sẹ́yìn ilẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Àṣà ìyá Nola ni. Ẹ̀wà, tòmátì, àgbàdo, ohunkóhun tí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn sè rọ sígò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kó má bàa bàjẹ́, bí a bá ti ṣí ìgò kan, a fa ìlà kan sábẹ́ orúkọ oṣù náà, kí wọ́n lè mọ iye tí wọ́n máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọwọ́ mi dúró lórí ilẹ̀kùn. Láti inú ọgbà ẹ̀fọ́ Nola ni gbogbo ìgò yìí ti wá, èmi àti àwọn yòókù la sì jẹ wọ́n. Kọ́bọ̀ kan ìbílẹ̀ ò sí níbẹ̀!

Mo wá ìdè ilẹ̀kùn, mo tú u. Mo gbé ilẹ̀kùn karí.

Wọ́dà tó wà lẹ́nu ọ̀nà lanu. "Estill! Níbo lò ń gbé ìyẹn lọ?"

"Ilé ẹjọ́."

"Kí ni ilẹ̀kùn ṣe?"

"Ẹ̀rí ló fẹ́ lọ jẹ́."

Nígbà tí mo wọlé, Lowell ti ka ìwé rẹ̀ tán, ó dúró bí ẹni tó sin òkú. Hobart Fugate, alága ìgbìmọ̀, tó tún ni ṣọ́ọ̀bù tó tóbi jù ní ìlú, ń sọ pé, "Burl, bí kò bá sí ìwé, kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀." Kọ́kọ́rọ́ ti wà lórí tábìlì. Nola di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

Mo fi ilẹ̀kùn ti ògiri. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe mọ, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lowell sáré wá, ó na ìka sí ìlà àkọ́kọ́ lábẹ́ January. Lẹ́yìn náà ó fa ọwọ́ padà.

"Alága, mi ò lè ka ilẹ̀kùn yìí."

"Kí ló dé? Ṣebí iṣẹ́ rẹ nìyẹn."

"Mo nífẹ̀ẹ́ Nola Caudill. Mi ò tíì sọ fún òun gan-an. Ọwọ́ ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ò yẹ kó ka ohun tó lè gba olólùfẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹlòmíràn kà á, sà."

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ gbé kálàmù sókè. "Ṣé kí n kọ ìyẹn sílẹ̀?"

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Olúwa mi ò," ni Zella wí láàárín àwọn tó wá wòran, ó jókòó gbì.

Fugate fúnra rẹ̀ ló kà á, sókè ketekete, ó lé ní wákàtí kan. Ìlà ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́rinlélọ́gọ́rùn-ún.

"Èló ni ìgò kan ní ṣọ́ọ̀bù yín, sà?" ni mo bi í.

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ dá kún ẹ̀wọ̀n mi. "Ìdajì dọ́là." Ó ṣírò. Ó tún un ṣírò. "Ẹgbẹ̀ta dọ́là ó lé méjìléláàádọ́ta. Owó oúnjẹ ò ṣẹ́kù rárá, oúnjẹ Nola tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n jẹ ló gbé e. Owó Nola ni Burl fi ra èédú. Ìbílẹ̀ tún jẹ Nola ní gbèsè ogójì dọ́là." Ó ti kọ́kọ́rọ́ padà sọ́dọ̀ Burl. "Láti òní lọ, orí ìwé ni kó máa wà, kì í ṣe orí ilẹ̀kùn!"

Nola dìde, ó rìn lọ bá Lowell.

"Ṣé o ò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ni?"

"Ibẹ̀ ló ti di dandan kí n sọ ọ́."

Ó fẹ́ fèsì, àfi bó ṣe rántí mi. "Bọ̀ọ̀dá Estill! Ta lẹ fi sídìí ẹ̀wà?"

N kò fi ẹnì kankan síbẹ̀. Gbogbo wa la sáré sọdá títì.

Ẹ̀wà náà ti dúdú. Àwọn ọkùnrin mọ́kàndínlógún jẹ ẹ́ láìráhùn, torí wọ́n ti gbọ́ ìròyìn. Nola bu ti Lowell síwájú rẹ̀, ó dúró tì í.

"Báwo ló ṣe rí?"

Lowell jẹ ẹ́. Ó wo ojú rẹ̀. "Ó jóná."

Mo di ojú mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ni mo gbọ́, ẹ̀rín ọjọ́ kéèkì. Nola yọ pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé kúrò nínú irun rẹ̀, ó fi itọ́ rin ín lẹ́nu, ó gba ọwọ́ Lowell, ó sì máàkì í lẹ́yìn ọwọ́.

"Mo ti yẹ ìwọ náà wò, olówó orí mi," ó ní. "O pé."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀lé e. Mo ti jáde nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ Zella ni mo jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Lowell na ọwọ́ fún òrùka, máàkì aláwọ̀ ewé náà ń tàn lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀.

"Láti oṣù kọkànlá?" ni Zella sọ sí mi létí. "Ṣé ọkùnrin yìí kì í fọwọ́ ni?"

Mo ní ó ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀. Nola ló ń tún un fà.