Jessamma Sinmi, Ohùn Rẹ̀ Ò Sinmi

Bí ọkọ̀ ẹja bá ti gúnlẹ̀, ohùn Jessamma ni gbogbo èbúté máa ń gbọ́. Òun ló ń lu ẹja ní gbànjo, ohùn rẹ̀ sì máa ń borí ìró òkun. Lọ́dún yìí, ohùn náà há, kò sì là mọ́.

Varghese, tí ọkọ̀ tirẹ̀ pọ̀ jù, kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Jessamma, bí ìjọba bá tún ṣí òkun fún ìpẹja tóhùn rẹ ò là, ẹlòmíì ni màá gbẹ́ja mi fún o. Má bínú."

Àsìkò òjò ti dé, òfin sì ti dá ọkọ̀ ńlá dúró kí ẹja lè yé ẹyin. Jessamma ní òun náà á sinmi. Kò pariwo mọ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń bá ará àdúgbò sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń darí àdúrà Rósárì láti ilé dé ilé. Rosakutty, ìyá ọkọ rẹ̀, tí kì í gbà pé nǹkan kan wà tóun ò mọ̀, ń po kọfí alátalẹ̀ àti ata iyèré fún un.

"Màmá, ó ń ta mí lọ́fun ju tàná lọ."

"Oògùn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn! Àbí o fẹ́ kó dùn bí ṣúgà?"

Ohùn náà ń burú sí i. Ẹ̀rù jẹjẹrẹ bà á, ó sì mú Rosakutty dání lọ sí ọsibítù. Dókítà fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà wo ọ̀fun rẹ̀. Ó rí kókó lára tán-án-ná rẹ̀, ìyẹn iṣan méjì tó ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde, ó sì ní kó lọ rí Shahina, onímọ̀ ìtọ́jú ohùn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ni Shahina wí. "Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣé ẹ mọ bí àtẹ́lẹwọ́ àwọn tó ń fa àwọ̀n ṣe máa ń le? Bí tán-án-ná yín ṣe le nìyẹn. Igbe ló fà á."

"Ṣé wọ́n á fi abẹ gé e ni?" Rosakutty bèèrè.

"Ìyá, ó sábà máa ń rọ̀ láìlo abẹ, béèyàn bá sinmi ohùn, tó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó."

"Mo kúkú ti sinmi," ni Jessamma wí. "Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ báyìí ni mo ń sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀."

Shahina rẹ́rìn-ín. "Bẹ́nì kan bá ń yọ́ lọ pẹja lásìkò òfin, tí kò tan ẹ́ńjìnnì, ṣé ẹja á ráyè yé?"

"Báwo ló ṣe máa ráyè?"

"Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà nìyẹn. Ó ń ni tán-án-ná lára."

Jessamma wo ìyá ọkọ rẹ̀. Rosakutty jẹ́wọ́ kọfí ata rẹ̀, Shahina sì ní omi lásán ni kó máa fún un.

Láti ọjọ́ yẹn, Rosakutty ló ń darí Rósárì. Omi ló rọ́pò kọfí. Jessamma dákẹ́ pátápátá fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi èémí gbé ohùn jáde lọ́dọ̀ Shahina.

Nígbà tí òkun ṣí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré ló gbé wá sí èbúté.

"Ohùn yìí mà kéré o!" ni Varghese wí.

"Ẹ sún mọ́ mi, bàbá. Ẹja yín ni mò ń tà, kì í ṣe igbe."

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì sún mọ́ ọn. Varghese gbé agbọ̀n ẹja tirẹ̀ síwájú Jessamma.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ohùn jẹun, olùkọ́, akọrin, oníwàásù, bí ohùn yín bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ lọ sí ọsibítù, ẹ má fi ata wò ó. Ẹ máa mu omi. Ẹ yé fi ipá húkọ́ láti la ọ̀fun. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ sinmi ohùn, ẹ dákẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ò tíì dákẹ́.