Ohun Tó Ń Jò Lábẹ́ Lọ́rì Ràsákì

Ní Pòrógun, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní nǹkan bí ọdún 1987, nígbà tí ohun èlò ọkọ̀ wọ́n bí ojú, tí ẹni tó ra táyà tuntun ń gba "ẹ kú oríire" lẹ́nu ará àdúgbò, lọ́rì onípákó kan máa ń sùn lábẹ́ igi ọsàn níwájú ilé Kúbúrátù. Ràsákì ọkọ rẹ̀ ló ni ín. Ràsákì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún láwọ̀ ewé, òun ló sì ní kí wọ́n kọ Ó DÀBỌ̀ sí i lẹ́yìn. Àìsàn ti mú Ràsákì lọ láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n lọ́rì ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì parẹ́.

Ilẹ̀ abẹ́ lọ́rì náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ́ìlì tó ti ń kán síbẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀, bí Kúbúrátù bá kírun tán, tó mú ìgbálẹ̀, gbogbo iwájú ilé ni yóò gbá, àfi ibẹ̀. Bí oòrùn bá wá ta sílẹ̀ náà, tí òórùn ọ́ìlì dìde, á dà bí ẹni pé Ràsákì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti gáréèjì wọlé, tó ń bọ́ ẹ̀wù. Kúbúrátù á dúró. Á fi imú fà á díẹ̀, kó tó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Wàhábì, àbúrò Ràsákì, ló wá ń wa lọ́rì náà. Gààrí ló ń fi í kó láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wá sọ́jà. Ó ti dá ọ̀rọ̀ kan lábàá títí ó ti sú u.

"Ìyá Fàtímọ̀, ẹ jẹ́ kí n gbé ọkọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Jíjò rẹ̀ ti ń pọ̀ jù."

"Ọkọ mi, ta ló sọ fún yín pé ó ń jò? Òógùn ló ń là. Ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ̀gbọ́n yín máa ń wí ni? Ọkọ̀ tí kò bá jò, kò lépo nínú."

"Mo gbàgbé kẹ̀? Ta ni ò mọ̀ ọ́n ní gáréèjì!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Kì í ṣe ahun ló ń ṣe Kúbúrátù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí wọ́n bá tú ọkọ̀ náà palẹ̀, tí wọ́n pààrọ̀ tibí, tí wọ́n pààrọ̀ tọ̀hún, ó lè di ọjọ́ kan kí lọ́rì Ràsákì má jẹ́ ti Ràsákì mọ́.

Nítorí náà, Wàhábì dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ó gbé abọ́ tánganran kan sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì tó bá kán sínú rẹ̀ mọ́jú, á fi àkísà sẹ́ ẹ, á tún rọ ọ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ìjẹ̀bú ni mí, n kì í da nǹkan nù."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀ títí Fàtímọ̀, ọmọ Kúbúrátù, fi bímọ. Ó wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ogójì ọjọ́ pé, ó ku kó padà sílé ọkọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Wọ́n fi àdéhùn sí i pé tòun tọmọ ni yóò jókòó síwájú lọ́rì lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn náà ni Bàbá Theophilus ti Odogbólú wá kí ọmọ tuntun. Mẹkáníìkì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọ̀rẹ́ Ràsákì tímọ́tímọ́.

"Ìyàwó Ràsákì! Ṣé omi lásán ni n ó tún mu nílé yìí?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé mùsùlùmí nìyí. Omi tútù ń bẹ, obì ń bẹ."

"Màá dá obì jẹ. Gbé ọmọ wá kí n súre fún un."

Ó súre tán, ó ń lọ ṣan ọwọ́ létí kànga, ló bá dúró lẹ́yìn lọ́rì. Ó tẹ̀ ba, ó ń wo inú táyà ẹ̀yìn, ó sì pe Wàhábì tó wà nítòsí.

"Wàhábì, kí lèyí?"

"Omi ni, Bàbá. Mo fọ ọkọ̀ láàárọ̀."

"Omi wo ni oòrùn yìí ò lè gbẹ?" Ó fi ìka kàn án, ó fi àtàǹpàkò ra á. Ó ń yọ̀. "Iwájú lẹ gbé abọ́ sí. Ta ló ń wo ẹ̀yìn? Bíréèkì rẹ ńkọ́?"

"Ó máa ń wọlẹ̀ díẹ̀, sà. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, á mú."

"Kí lo ń rọ sí i?"

Wàhábì wolẹ̀. "Omi ọṣẹ ni, Bàbá. Epo bíréèkì ti wọ́n jù. Ohun tí àwa yòókù ń rọ náà nìyẹn."

Bàbá Theophilus dìde dúró. "Omi ọṣẹ fún aṣọ ni. Bí bíréèkì bá gbóná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi yẹn á hó nínú páìpù, ẹsẹ̀ rẹ á wọlẹ̀ dé pákó, ọkọ̀ ò sì ní dúró. Inú ọkọ̀ yìí lẹ fẹ́ gbé ọmọ ogójì ọjọ́ sí lọ́la?"

Kúbúrátù gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, ọmọ ọwọ́ sì wà láyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún bí ẹni pé wọ́n bú òkú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹnu àtẹ́ lu ọkọ̀ olóògbé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wí pé ọkọ̀ tí kò bá jò..."

"...kò lépo nínú," ni Bàbá Theophilus bá a parí rẹ̀. "Ọ̀dọ̀ mi ló ti gbọ́ ọ. Àwàdà la fi ń ṣe, ìyàwó mi. Igi méjì tí Ràsákì fi ń dá táyà dúró dà?"

Ọ̀kan wà nílé ìdáná, òun ni Kúbúrátù ń fi ṣe àpótí ìjókòó. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wàhábì kó wọn wá, ó ki ọ̀kan síwájú táyà, ó ki èkejì sẹ́yìn. Àgbà náà bọ́ fìlà, ó na ara rẹ̀ sórí ẹní àtijọ́ kan, ó fà wọ abẹ́ lọ́rì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kù síta, bàtà kan ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kúbúrátù tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ náà.

Láràárọ̀, nígbà ayé Ràsákì, ẹsẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Á gbé ẹ̀bà gbígbóná àti ìkọ́kọrẹ́ àná kalẹ̀, á pariwo pé, "Ọkọ mi, ẹ jáde wá jẹun, ẹ̀bà ti ń tutù!" Ràsákì á dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀ pé, "Mò ń kí ìyálé rẹ lọ́wọ́!" Ìyálé ni wọ́n ń pe lọ́rì náà nínú ilé, nítorí Kúbúrátù máa ń jowú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Ràsákì ti lọ, kò tíì rí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Bàbá," ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "kí ni Ràsákì máa ń ṣe lábẹ́ ibẹ̀?"

"Ohun tí mò ń ṣe yìí náà ni. Ó ń wo ohun tó jò, ó ń wo ibi tó ti jò. Àbí o rò pé oorun ló ń sùn?" Ohùn náà yí padà. "Wàhábì! Ìgbà wo lo ti wọ abẹ́ ibí yìí gbẹ̀yìn?"

Wàhábì ń họ orí.

Kúbúrátù wo ilẹ̀ dúdú náà. Ó wo ọmọ àyà rẹ̀. Àbàwọ́n tí Ràsákì fi sílẹ̀ ló ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá, iṣẹ́ tí Ràsákì ń ṣe lórí rẹ̀ ti di ìgbàgbé. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ọkọ mi," ló wí fún Wàhábì, "Fàtímọ̀ ò bá lọ́rì lọ mọ́. Ẹ bá a wá tàkísí. Kí ẹ sì pe mẹkáníìkì wá síbí. Ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn kúrò lójú kan."

Ó dára tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì tú táyà ẹ̀yìn, rọ́bà bíréèkì inú rẹ̀ ti ya, ìwọ̀nba omi ọṣẹ tó kù nínú bíréèkì kò tó gbé ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Wọ́n fọ páìpù mọ́, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà, wọ́n rọ ojúlówó epo bíréèkì sí i. Wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ojú ìpàdé ẹ́ńjìnnì kó má jò pẹ̀lú, wọ́n sì da ọ́ìlì inú abọ́ tánganran sínú agolo tí mẹkáníìkì gbé lọ. Wọn ò dà á sílẹ̀, nítorí kànga wà nítòsí.

Kí Bàbá Theophilus tó padà sí Odogbólú, ó mú páálí funfun kan lé Kúbúrátù lọ́wọ́. "Ìwọ tó ń jí gbálẹ̀, tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Láàárọ̀, kí ẹ jọ wò ó."

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, páálí gbẹ. Kúbúrátù wò ó tán, ó dìde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀ dúdú ṣì dúdú, òórùn ibẹ̀ kò tíì lọ, ṣùgbọ́n ohun tuntun kankan ò kán sí i. Ó lọ gbé oúnjẹ. Nígbà tó jáde, ẹsẹ̀ méjì wà lábẹ́ lọ́rì, igi méjèèjì sì wà nídìí táyà.

Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pariwo, bí ẹni tó ń dán ohùn ara rẹ̀ wò: "Ọkọ mi, ẹ jáde wá jẹun, ẹ̀bà ti ń tutù!"

"Mò ń bọ̀!" ni Wàhábì dáhùn. "Ìyálé yín ni ò tíì jẹ́ n lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àgbà nílé, ẹ gbọ́. Ọkọ̀ tó ń jò ń ránṣẹ́ sí yín ni, ẹ má fi yanrìn bo iṣẹ́ tó rán. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Bí ohun tó kán bá dúdú, tó sì wà níwájú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ wọn ọ́ìlì kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kí ẹ sì wá ibi tó ti ń jáde. Bí ó bá jẹ́ omi tó pọ́n bí ìpẹtà tàbí tó ní àwọ̀ ewé, radíétọ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ni. Ẹ má ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Bí ó bá ń rùn bí dísẹ́ẹ̀lì tàbí epo bẹntiróò, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná nítòsí. Èyí tó bá mọ́ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, tó ń yọ̀, tó wà nídìí táyà, bíréèkì ni. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbéra, ì báà ṣe títí dé ìta, àfi bí mẹkáníìkì bá tún un ṣe tán. Ẹ má rọ omi ọṣẹ sí bíréèkì, ẹ má rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Bí ẹ bá sì fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ilẹ̀ tẹ́jú, kí ẹ kọ́kọ́ ki igi sí táyà, ẹ má sì gbára lé jáàkì nìkan.

Ẹni rere tó ti lọ lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún wa, ó sì tọ́ kí àárò rẹ̀ sọ wá. Ṣùgbọ́n ìṣe rẹ̀ ni kí a máa bá lọ. Ó dàbọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn lọ́rì, pé ẹni tó lọ yóò bọ̀, ẹni tó wọ abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ló ń mú un ṣẹ.