Omi Tó Ń Súnmọ́ Ojú Irin

Ohun àkọ́kọ́ tó kọ aránṣọ náà lóminú ni pé ọkọ rẹ̀ kì í gbé aṣọ ìdọ̀tí wálé mọ́. Jórinjórin ni ọkùnrin náà. Ẹni tó ń fi iná jó irin pọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò sí bí aṣọ rẹ̀ kò ṣe ní dúdú bí ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ìyàwó rẹ̀ sì tú báàgì rẹ̀, àwọn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á ti mọ́ tónítóní, wọ́n á wà ní kíká. Kò sí òórùn ọṣẹ lára wọn. Òórùn omi ló wà níbẹ̀, omi tó ti dúró pẹ́ sójú kan, tí ewé ti rà sínú rẹ̀.

"Ta ló ń fọ aṣọ fún yín níbẹ̀?" ni obìnrin náà bi í.

"Èmi náà ni. Ta ni ìbá tún fọ̀ ọ́?"

Ó mọ̀ pé ọkọ òun kò tíì fọ àwo rí láyé rẹ̀, ká má tíì wá sọ ṣẹ́ẹ̀tì.

Ìlú tí ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ jìnnà. Rélùwéè ló ń wọ̀ lọ; á gbéra láàárọ̀, oòrùn á ti fẹ́ wọ̀ kó tó sọ̀. Bó bá lọ, ó di ìparí oṣù. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tọkọtaya náà sọ ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà di eré. Nígbà tí aránṣọ náà wà lọ́mọdébìnrin, rélùwéè mìíràn ló máa ń wọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, èyí tó gba àárín òkè kọjá. Kò gbàgbé afárá gíga tó wà níbẹ̀, àti bí orí igi ṣe tẹ́ nísàlẹ̀ bí ẹní.

"Ojú ọ̀nà tiyín ńkọ́?" á bi ọkọ rẹ̀ bó bá dé.

"Ilẹ̀ pupa. Òpó wáyà. Ilẹ̀ pupa."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Òpó wáyà mìíràn."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ìyàwó á ní òun ti borí, kí ọkọ òun lọ wá ojú ọ̀nà gidi wọ̀.

Lọ́jọ́ kan ni ọkùnrin náà dé, ó ní omi kan mà wà lójú ọ̀nà òun, òun kò mọ bí òun kò ṣe ṣàkíyèsí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi fífẹ̀ ni, ó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń dán bí páànù tuntun. Nígbà tó tún lọ tó tún bọ̀, ó ní omi náà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà, òun rí ilé kan létí rẹ̀. Nígbà tó ṣe ẹ̀ẹ̀kan sí i, ó ní omi náà ti dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin, èèyàn lè na ọwọ́ ju òkúta sí i láti ojú fèrèsé.

"Ìwọ àti òkè rẹ," ló wí, "ẹ lọ jókòó."

Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ta bàtà máa ń wọ rélùwéè kan náà lọ wo ọmọ rẹ̀. Aránṣọ náà lọ bá a, ó bi í nípa omi náà.

"Omi wo?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Láti ibi tí mo ti wọlé títí dé ibi tí mo sọ̀ sí, mi ò rí ibi tí ewúrẹ́ lè ti tọ́ omi lá. Àbúrò mi, omi tí ọkọ rẹ ń rí yẹn, ó ró ìró."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni mo sọ? Ṣẹ́ẹ̀tì ń mọ́, omi ń dán. Ìwọ ṣáà máa ránṣọ."

Ọ̀rọ̀ náà bá a délé, ó bá a sùn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ tún dé, ó jẹ́ kó jẹun tán. Ó wá jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, ó ń tú etí ṣòkòtò kan, ó sì ṣe ohùn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn.

"Létí omi yín yẹn, ṣé ẹ kì í rí èèyàn níbẹ̀?"

"Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń sá aṣọ."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ṣé ó lẹ́wà?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń rí. Kò yíjú rí."

"Aṣọ ta ló ń sá?"

"Ṣé mo mọ̀ ni? Oríṣiríṣi ni. Aṣọ ọmọdé kan wà níbẹ̀, funfun, apá rẹ̀ yẹ́lò. Òmíràn jẹ́ búlúù, ó gbòòrò, wọ́n fi léèsì sí i lọ́rùn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo wọn ló là lẹ́yìn, láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, wọ́n wá fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láti so ó. Mo rò pé aṣọ ilé ìwòsàn ni."

Aránṣọ náà gbé ṣòkòtò náà kalẹ̀. Iṣẹ́ kan wà tí kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé. Bí wọ́n bá fẹ́ wọṣọ fún òkú, ara á ti le, apá kò ní ṣe é ká mọ́. Aránṣọ tó bá mọṣẹ́ á la ẹ̀yìn aṣọ náà, á ṣẹ́ ẹ létí, á fi okùn sí i, kí wọ́n lè gbà á láti iwájú wọ̀ fún un. Òun ni wọ́n ń gbé irú rẹ̀ wá bá ládùúgbò. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ti ń rán an, á sì da aṣọ mìíràn bò ó, ẹnikẹ́ni kì í rí i àfi àwọn tó ni òkú. Aṣọ funfun alápá yẹ́lò yẹn, òun ni wọ́n fi sin ọmọ oníbúrẹ́dì. Búlúù ọlọ́rùn léèsì yẹn, tíṣà àgbà kan ló wọ̀ ọ́ lọ.

"Ọ̀kan tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín," ni ọkọ rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Kákí ni, ó dà bíi tèmi gẹ́lẹ́, tòun ti ibi tí iná ta sí lórí àpò."

"Ṣé ẹ̀yìn tòun náà là?"

"Wọ́n ti là á, wọn ò tíì ṣẹ́ ẹ létí. Òwú ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀."

Obìnrin náà dìde, ó lọ tú báàgì. Kákí ọkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

"Kákí yín dà?"

"Ó wà..." Ọkùnrin náà ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ó yẹ kó wà níbẹ̀."

Ìfura obìnrin náà yí padà láti ìgbà yẹn. Ó ti ń wá orogún, ó sì wá ń gbàdúrà pé kó kúkú jẹ́ orogún. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó má padà lọ.

"Kí ọ̀gá wa lè fi ẹlòmíràn rọ́pò mi?" ni ìyẹn dáhùn. "Nítorí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn?"

Obìnrin náà kò lè sọ àwọn tó ni aṣọ náà fún un. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá fi ẹnu ara òun sọ ọ́, ó ti di òótọ́ nìyẹn. Nígbà tí ọkùnrin náà máa padà, ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì tirẹ̀ tẹ̀lé e.

"O ń ṣọ́ mi ni?"

"Mo fẹ́ wo omi yín. Àbí ẹ ò fẹ́ kí n rí i?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kan náà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n kọjú síra wọn. Ọkùnrin náà kọjú síbi tí wọ́n ń lọ, òun kọjú síbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, obìnrin kan ń bó ọsàn, àgbàlagbà kan sì ti la ẹnu sílẹ̀, ó ń sùn. Níta, ilẹ̀ pupa, òpó wáyà, ilẹ̀ pupa. Oòrùn ti kọjá àtàrí nígbà tí ọkọ rẹ̀ nàró lórí àga.

"Ó ti ń bọ̀," ló wí.

"Kí ló ń bọ̀?"

"Omi náà. Ṣé o ò rí i ni?"

Ó wòta. Ilẹ̀ pupa ni. Ó tún wo ọkọ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan ń jó lábẹ́ àgbọ̀n ọkùnrin náà àti lọ́rùn rẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa ń jó lára àjà bí oòrùn bá wọ inú báfù omi. Nínú ẹyinjú rẹ̀, okùn tínrín kan wà tí wọ́n sá aṣọ sí.

"Ẹ dìde," ni aránṣọ náà wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ àga."

"Kí ló dé?"

"Bí mo ṣe kọ̀yìn sọ́nà yìí, òòyì ń kọ́ mi."

Wọ́n pààrọ̀. Àga ọkùnrin náà tutù rinrin bí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀. Obìnrin náà yíjú sí fèrèsé, omi wà níbẹ̀, ó ń lá ẹ̀gbẹ́ irin.

"Ó mà ti lọ," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. "Ilẹ̀ pupa ló kù."

Ọkọ̀ ń fa ẹsẹ̀ bọ̀, títí ó fi dúró. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Èèpo ọsàn rọ̀ sẹ́nu ọ̀bẹ obìnrin ẹ̀gbẹ́ wọn, kò já bọ́. Níwájú díẹ̀, létí omi, ẹnì kan kọ̀yìn síbi tí wọ́n wà, ó jókòó sábẹ́ okùn aṣọ, ó ń ṣẹ́ etí ṣẹ́ẹ̀tì kákí kan. Ó ti dé ìdajì.

Aránṣọ náà kò bi ẹnikẹ́ni. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lórí iyanrìn tútù dé ìdí okùn.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá aránṣọ," ni ẹni náà wí láìyíjú. "Iṣẹ́ yín dára. Nínú gbogbo èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ mi, tiyín ló ń pẹ́ jù lára wọn."

"Ẹ fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi."

"Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é tán."

"Alààyè ló ni ín."

"Mo ti là á."

"Màá rán an padà."

Ẹni náà na ṣẹ́ẹ̀tì náà sẹ́yìn, kò yíjú. "Ẹ rán an, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò ní dúró dè yín."

Aránṣọ náà fa abẹ́rẹ́ tó máa ń wà láyà bùbá rẹ̀ yọ, tòun ti òwú. Ó tú èyí tí wọ́n ti ṣẹ́, ó pa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Ó lè fi ojú abẹ́rẹ́ ńláńlá sáré rán an kó sì padà sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kì í pẹ́ tú, bí wọ́n bá fà á lẹ́ẹ̀kan ó parí. Ó ń rán an wínníwínní, ó ń dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn kó tó sún síwájú. Nígbà tó dé àárín ẹ̀yìn, ọkọ̀ fọn fèrè. Nígbà tó dé ìbàdí, irin bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Orúnkún rẹ̀ fẹ́ dìde. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ títí dé ìsàlẹ̀. Ó ta kókó, ó fi eyín gé òwú.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ṣẹ́ẹ̀tì náà ti pòórá. Nígbà tó gbójú sókè, fèrèsé wọn ń kọjá bọ̀ jẹ́jẹ́, ọkọ rẹ̀ jókòó níbẹ̀ nínú kákí rẹ̀, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ojú rẹ̀ mọ́.

Ó pè é. Ọkùnrin náà yíjú, ó wò ó tààrà nínú ojú bí ẹni tó ń wo ilẹ̀ pupa. Ó yán. Ó wá na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí àga tó wà níwájú rẹ̀, bí ẹni tó dá rìn wá.