Obìnrin Tó Kẹ̀yìn Sí Wa Lójú Fèrèsé

Òótọ́ ni mò ń kọ yìí. Ẹni tí kò bá gbà á, kó pa ìwé dé, kó wá nǹkan mìíràn kà.

Ní Hollywood ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, lọ́dún 1957. Lenora Haskett jókòó nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti ń wo fíìmù. Ìyá Billy ni gbogbo Amẹ́ríkà ń pè é, nítorí ìyá rere tó ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n, èyí tó ń yan kéèkì tí kì í bínú. Ṣùgbọ́n kó tó di ìyá ẹnikẹ́ni, apànìyàn ló ń ṣe nínú fíìmù. Ọdún méje. Òun ló máa ń yìnbọn nínú òkùnkùn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀gbẹ́ni Pruett gbé ìwé kan lé e nítan. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì tó ń sanwó ètò Billy ló rán an.

"Ẹ fọwọ́ sí i, Ìyá Billy. Èyí ló kẹ́yìn nínú àwọn fíìmù ìpànìyàn yín, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló sì kù. Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á gba fàdákà ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe."

"Bí mi ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"A ó wá ìyá mìíràn fún Billy."

Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí. Iṣẹ́ tí obìnrin fi òógùn ojú ṣe, wọ́n ní kó sẹ́ ẹ nítorí bisikíìtì.

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wò ó," ni Lenora wí. "A kì í sin òkú láìwo ojú rẹ̀."

Ida Brusk, obìnrin tó gé fíìmù náà, tó sì tò ó pọ̀ láyé ọjọ́un, tan ẹ̀rọ. Ó kan ìgbẹ̀yìn. Obìnrin inú fíìmù, èyí tí Lenora ṣe, ti pa ọkọ rẹ̀. Ó dúró lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á: ẹ̀yìn nìkan, títí fíìmù fi parí.

Lọ́jọ́ náà, ó yíjú padà.

Díẹ̀díẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀, síbi àga. Ó fojú fo Lenora dá. Ó tẹjú mọ́ Pruett.

"A ò ya èyí," ni Ida wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Pa á," ni Pruett wí.

Ida pa ẹ̀rọ. Iná ẹ̀rọ kú. Ariwo dákẹ́. Obìnrin náà ṣì wà lára aṣọ funfun tí wọ́n ń wo fíìmù lára rẹ̀. Kò ṣẹ́jú.

"Ta nìyẹn?" Ohùn Pruett ti fẹ́lẹ́.

Lenora dìde. Ọdún mẹ́rin ló ti ń tẹrí ba fún bisikíìtì. Ó na ọrùn.

"Èmi ni. Ẹ wò mí dáadáa. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Ẹ lọ wá ìyá fún Billy."

Aṣọ funfun ṣófo. Pruett ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbàgbé ìwé, ó gbàgbé fìlà.

Ida tú fíìmù náà sọ́wọ́, ó gbé e sójú iná. Fèrèsé wà níbẹ̀, àwòrán lẹ́yìn àwòrán. Fèrèsé nìkan.

"Lenora, níbo ni obìnrin yẹn wà?"

Lenora ti jáde. Ida tẹ́tí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ náà, ìró ẹsẹ̀ àwọn obìnrin méjì ló gbọ́, wọ́n ń rìn lọ, kò sí èyí tó ń kánjú nínú wọn.